Oòrùn Tí Ń Jó Òkè Ọya Ni Yóò Fẹ́ Abẹ̀bẹ̀ Sí I

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́njú tí kò mọ àmù: ìkòkò amọ̀ ńlá tí ìyá wa àgbà gbé sí igun ilé tí oòrùn kì í dé, tí ó ri ìdí rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn tútù, tí ó sì fi àwo dé e lórí. Omi inú rẹ̀ a máa tutù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí yìnyín níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú gbogbo wa ti rí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Ìgbà wo ni omi àmù ń tutù jù lọ? Kì í ṣe ìgbà òjò. Ìgbà ọyẹ́ ni, àní ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú oòrùn lókè, nígbà tí ètè ń là, tí aṣọ tí a sá sórí okùn sì ń gbẹ kí ẹni tí ó sá a tó jókòó.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ara ìkòkò amọ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí; omi ń yọ́ gba inú wọn jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń mu ún. Omi kò sì lè di oru kí ó fò lọ láìgba ooru dání. Lọ́wọ́ ìkòkò àti lọ́wọ́ omi tí ó ṣẹ́kù ni ó ti ń gba ooru náà, ìyẹn ni wọ́n fi ń tutù. Kí ẹ lè mọ bí ohun tí ó ń gbà ti pọ̀ tó: lítà omi kan ṣoṣo tí ó bá di oru yóò gbé ooru lọ tó èyí tí sítóòfù iná mànàmáná 1,000 wáàtì lè mú jáde ní ogójì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti yó fún omi tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nígbà òjò, kò ní mu mọ́, omi kò ní fò lọ, ìkòkò kò sì ní tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti lóye èyí ti lóye ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, a ó sì máa pè é ní amúlétutù olómi. Kì í ṣe amúlétutù tí a mọ̀ ní ọ́fíìsì àti ní báńkì, èyí tí ó ní gáàsì nínú, tí ó ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri, tí ó sì ń jẹ iná bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Olómi yìí kò ju àpótí kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ṣí sílẹ̀, a sì fi koríko tàbí igi tí a fá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí kànrìnkàn dí wọn. Omi wà ní ìsàlẹ̀ àpótí. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan ń fà á sókè, ó ń dà á sí orí koríko náà kí ó máa ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Fáànù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kẹrin, ó ń fa afẹ́fẹ́ ìta gba inú koríko tútù náà kọjá, ó sì ń fẹ́ ẹ wọ inú yàrá. Àmù tí a fún ní abẹ̀bẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìlú Delhi, níbi tí a ti kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, a rí i lójú fèrèsé àìlóǹkà ilé, ti olówó àti ti tálákà. Àwọn ará Íńdíà ti ń fi omi àti koríko bá ooru jà kí fáànù oníná tó dé ayé. Wọn a hun ẹní láti ara gbòǹgbò koríko kan tí wọ́n ń pè ní khus, wọn a fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ ọ̀dọ̀ a sì máa da omi sí i ní gbogbo ọ̀sán. Òórùn rẹ̀ dàbí òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí. Ní Arizona ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ilẹ̀ tí ó gbẹ táútáú, irú àpótí yìí ni àwọn ènìyàn fi ń sùn láti nǹkan bí ọdún 1930 síwájú, kí amúlétutù onígáàsì tó wọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e wá sí ilẹ̀ wa nísinsin yìí. Láti oṣù kẹta wọ oṣù karùn-ún, ooru ọ̀sán ní Sókótó, ní Birnin Kebbi, ní Katsina àti ní Maiduguri a máa dé ìwọ̀n 40 Celsius, a sì máa kọjá rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń ṣòwò ní ìlú wọ̀nyí, àti àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mọ ohun tí à ń wí: ògiri yóò gbóná di ọ̀gànjọ́, bẹ́ẹ̀dì yóò dàbí ààrò, ènìyàn yóò sì gbé ẹní jáde sí àgbàlá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ní àkókò náà. Nínú gbogbo omi tí ó lè gbé, ìdá 15 nínú 100 lè má pé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 40, tí a sì jẹ́ kí ó mu omi títí yóò fi yó, yóò sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 21. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò mú un dé ibẹ̀ pátápátá. Èyí tí a bá ṣe dáadáa yóò rìn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà náà. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 26. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ó wọlé láti inú oòrùn ìwọ̀n 40, tí atẹ́gùn ìwọ̀n 26 sì pàdé rẹ̀.

Ẹ wá wo Èkó. Ní oṣù kẹrin kan náà, ooru lè wà ní ìwọ̀n 32, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti gbé ìdá 75 nínú 100 omi tí ó lè gbé. Bí ó tilẹ̀ mu omi yó, ìwọ̀n 28 ni yóò dúró sí. Ẹ̀rọ wa kò ní lè mú un kọjá 29. Ìwọ̀n mẹ́ta péré ni èrè rẹ̀, yàrá yóò sì kún fún ọ̀rinrin, aṣọ inú àpótí yóò máa rà, ìwé yóò máa hu funfun. Òógùn tí ì bá gbẹ lára ènìyàn kò ní gbẹ mọ́. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni àwọn oníṣòwò ń kó àpótí kéékèèké wá sí ọjà Èkó, wọn a ní kí á da yìnyín sí i, yóò sì sọ yàrá di ìlú òyìnbó. Irọ́ ni. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú, ilẹ̀ tí a gbé e wá ni kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ìlọrin àti Ṣakí wà láàárín méjì: ní oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì lọ tán, ẹ̀rọ náà lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó tán.

Òkè Ọya ni ilé rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Iná tí yóò máa lò ni ó kàn, ibẹ̀ ni oòrùn sì ti wọ inú ọ̀rọ̀.

A kò ní í tún ìtàn iná ìjọba sọ. Olúkúlùkù ló mọ ọ́n nínú ilé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà Òkè Ọya yàtọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ba òpó iná ńlá tí ó lọ sí Maiduguri jẹ́, ìlú ńlá náà sì wà láìní iná ìjọba fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn bàsèjẹ́ ba okùn iná tí ó ti Shiroro lọ sí Kàdúná jẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Òkè Ọya sì wà nínú òkùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹni tí ó bá ní kí òun yíjú sí jẹnẹrétọ̀ sì mọ ohun tí bẹntiróòlù ti dà láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo.

Páńẹ́lì tí ń sọ oòrùn di iná kì í ṣe ohun tuntun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1954, ọdún kan náà tí òfin Lyttelton sọ Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, gbé páńẹ́lì tí a fi sílíkónì ṣe jáde fún aráyé rí. Nǹkan bí ìdá 6 péré nínú 100 agbára oòrùn ni ó lè sọ di iná. Èyí tí à ń rà lọ́jà lónìí ń sọ tó ìdá 20 di iná, àwọn mìíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ débi pé kì í ṣe páńẹ́lì ni ó ń wọ́n ènìyàn mọ́ bí kò ṣe bátìrì. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìṣirò yìí.

Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún amúlétutù olómi ni pé wákàtí tí a nílò rẹ̀ jù lọ gan-an ni oòrùn ń mú jù lọ. Fìtílà kò rí bẹ́ẹ̀. Òru ni a ń fẹ́ fìtílà, nítorí náà bátìrì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń jáde ní aago méjì ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ilé ìgbẹ̀bí, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n lè so fáànù àti pọ́ọ̀ǹpù mọ́ páńẹ́lì láìra bátìrì kankan, bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣètò iná sí àárín wọn. Bí oòrùn bá ti ń gòkè ni fáànù yóò máa yára sí i. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn yóò rọra yí, ooru náà yóò sì rọ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀nba tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ti ọmọ ilé ìwé. Fáànù amúlétutù olómi kékeré kan tí ó ń lo iná bátìrì ní tààrà, ti 12 fóòtì, lè jẹ 100 wáàtì. Pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ lè jẹ 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 115. Amúlétutù onígáàsì tí ó kéré jù lọ nínú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹṣin kan, ń jẹ tó 800 wáàtì, nígbà tí ó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò gba ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Oòrùn Sókótó, bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ lóòjọ́, tó wákàtí mẹ́fà oòrùn tí ó pé. Ti Èkó kò ju nǹkan bí mẹ́rin àbọ̀ lọ. Páńẹ́lì 200 wáàtì ní Sókótó, bí a bá yọ ohun tí eruku, ooru àti okùn yóò jẹ níbẹ̀, yóò fún wa ní nǹkan bí 900 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. Kí ẹ̀rọ wa ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà ní ọ̀sán, 690 ni yóò jẹ. Ó kárí, ó sì ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ènìyàn fẹ́ sùn pẹ̀lú, òru oṣù kẹrin ní Maiduguri kì í sì ṣe òru eré. Wákàtí mẹ́jọ ní òru yóò jẹ 920 wáàtì-wákàtí mìíràn. Èyí fẹ́ bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan ti 12 fóòtì àti 100 amp-wákàtí, tàbí bátìrì olómi àtijọ́ tí ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí pé a kò gbọ́dọ̀ fa ti àtijọ́ kọjá ìdajì bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Páńẹ́lì yóò sì di 400 wáàtì. Ibí yìí ni owó ti ń lọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀sán. Kí ó sì fi bátìrì kékeré yí fáànù lásán ní òru, láìsí pọ́ọ̀ǹpù ńlá, láìsí àpótí. Bí ó bá ti fi ẹ̀rọ náà tu ògiri lójú láti ọ̀sán, ìdajì ìyà òru ti dínkù.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn onísólà wa fẹ́ràn. Wọn a ra amúlétutù olómi tí a ṣe fún iná ìjọba, 220 fóòtì, wọn a sì fi ínfátà yí iná bátìrì padà fún un. Ínfátà yóò jẹ tirẹ̀ nínú iná náà, fáànù irú rẹ̀ sì lè jẹ 150 sí 200 wáàtì fún iṣẹ́ kan náà. Ní Pàkísítáànì, níbi tí iná ìjọba ń ṣe bí tiwa, àwọn ará ìlú ti kọ́ ọgbọ́n yìí tipẹ́: ọ̀pọ̀ ni ń lo fáànù àti amúlétutù olómi 12 fóòtì tí wọ́n so mọ́ páńẹ́lì àti bátìrì ní tààrà. Ooru ti kọ́ wọn. Ní ìlú Jacobabad, ìwọ̀n 51 Celsius ni ó dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Àwọn alágbẹ̀dẹ wọn ni ń tẹ irin pẹlẹbẹ di àpótí náà, a sì ń rà á lẹ́bàá títì bí a ti ń ra ìkòkò.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn tí ń yin ẹ̀rọ yìí máa ń sọ̀rọ̀ iná, iná, iná. Wọn kì í sọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀rọ kékeré tí a ṣèṣirò rẹ̀ yìí lè mu omi lítà 6 sí 10 ní wákàtí kan nínú ooru ọ̀sán. Láti aago mọ́kànlá títí di aago márùn-ún, ó ti mu tó 50 lítà: kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lítà 50 sí 100 lóòjọ́ ni ènìyàn kan nílò láti mu, láti se oúnjẹ àti láti wà ní ìmọ́tótó. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ yìí wọlé ti gba àlejò kan tí yóò máa mu omi bí ọmọ ilé.

Ní ilé tí ẹ̀rọ omi ti ń ṣàn, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àdúgbò mélòó ni omi ti ń ṣàn láti inú páìpù ní oṣù kẹrin? Ẹni tí ó ti gbé Òkè Ọya rí mọ mẹ́ruwà, ọkùnrin tí ó ń ti ọmọlanke tí ó kún fún kẹ́ẹ̀gì láti ilé dé ilé. Ó sì mọ̀ pé oṣù tí ooru pọ̀ jù náà ni kànga ń gbẹ, ni owó mẹ́ruwà ń gòkè. Ìyá ilé tí ó ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà fún ọkọ, ọmọ márùn-ún àti ìyá ọkọ, ṣé yóò da méjì nínú rẹ̀ sí orí koríko? Àwa kò lè bá a dáhùn, kò sì yẹ kí ẹni tí ń ta páńẹ́lì bá a dáhùn. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, fáànù sólà lásán àti aṣọ tútù lọ́rùn ni ó bá ọgbọ́n mu. Ibi tí ẹ̀rọ wa ti tọ́ ni ibi tí kànga jíjìn tàbí bọ̀ọ̀hóòlù wà, ó sì dára bí ó bá jẹ́ pé oòrùn kan náà ni ó ń fa omi rẹ̀ sókè. Fún ìdí èyí ni a fi rò pé ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, kì í ṣe pálọ̀ olówó. Lítà 50 tí ó tu ọmọ ogójì lára nínú kíláàsì kan yàtọ̀ sí lítà 50 tí ó tu ẹnì kan lára lórí àga tìmùtìmù.

Ohun kan tún wà tí ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí ó yẹ kíláàsì. Amúlétutù onígáàsì fẹ́ kí á ti gbogbo fèrèsé. Olómi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń kó afẹ́fẹ́ tuntun wọlé ní gbogbo ìgbà. Bí kò bá sí fèrèsé tí èyí tí ó ti wà nínú ilé yóò gbà jáde, ọ̀rinrin yóò kún, ẹ̀rọ kò sì ní ṣe nǹkan mọ́. Ọ̀pọ̀ tí ń bú ẹ̀rọ yìí ló ti gbogbo fèrèsé mọ́ ara wọn. Oṣù ooru náà sì ni oṣù àìsàn yírunyírun ní Òkè Ọya. Láàárín ìparí ọdún 2016 àti àárín ọdún 2017, ó pa ju 1,000 ènìyàn lọ, Zamfara àti Sókótó sì wà lára ibi tí ó ti jà jù. Amúlétutù kì í ṣe oògùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ń sọ pé kí àwọn ènìyàn má há mọ́ inú yàrá tí atẹ́gùn kò wọ̀, ẹ̀rọ tí kò lè ṣiṣẹ́ láìṣí fèrèsé sì bá ìmọ̀ràn wọn rìn.

Ta ni yóò wá ṣe é? Páńẹ́lì ń ti òkèèrè bọ̀. Ṣáínà ni ó ní ju ìdá 80 lọ nínú iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ ní gbogbo ayé, ìyẹn kò sì ní yí padà lọ́la. Ṣùgbọ́n àpótí ńkọ́? Koríko ńkọ́? Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí a bá ń fi owó òkèèrè ra àpótí irin tí ó ní koríko nínú. Koríko tí ó jẹ́ ìbátan khus ti Íńdíà ń hù fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bá odò ní Òkè Ọya. Àwọn alágbẹ̀dẹ Kánò ń tẹ irin di ohun tí ó le ju àpótí lọ. Ilé ìwádìí agbára oòrùn wà ní yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Kí ó bá wọn wọn ìnípọn koríko àti fífẹ̀ ojú ihò, iṣẹ́ tí kò gba owó púpọ̀.

Ẹnì kan ti fi ọ̀nà hàn wá. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, tí àwọn ìyá rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò, gbé ìkòkò kan sí inú ìkejì, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó fi aṣọ tútù dé e. Kò sí iná, kò sí páńẹ́lì. Ìgbá tí kì í kọjá ọjọ́ mẹ́ta ní ọjà kí ó tó bàjẹ́ wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 27. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex fún iṣẹ́ yìí. Ó kú ní ọdún 2010. Ohun tí ó wù wá jù nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn náà. Ó ní àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n máa ń sáré kiri ojoojúmọ́ láti ta èso kí ó tó rà ti wá ráyè lọ sí ilé ìwé. Ọ̀gbẹ́ni náà kò dúró de ẹ̀rọ òyìnbó. Ó wo ohun tí ìyá rẹ̀ ń mọ, ó sì bi í léèrè ohun mìíràn tí ó tún lè ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yìí yóò wúlò níbi tí ẹ wà, ẹ má bi oníṣòwò. Ẹ wá tẹmómítà méjì. Ẹ fi òwú tàbí aṣọ fẹ́lẹ́ tí a rẹ sínú omi wé ìdí ọ̀kan, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ gbé méjèèjì sí ibòòji ní aago méjì ọ̀sán, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ka méjèèjì. Bí tútù bá fi ìwọ̀n 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ relẹ̀ ju gbígbẹ lọ, ẹ̀rọ náà yóò ṣe yín lóore. Bí kò bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ẹ fi owó yín ra fáànù. Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti oṣù kejì títí òjò yóò fi dé. Wọn yóò rí i pẹ̀lú ojú ara wọn bí àlàfo náà ti ń dínkù nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá ń gòkè bọ̀.

Nípa ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú páńẹ́lì ní òwúrọ̀ kùtù, kí ó tó gbóná. Omi bọ̀ọ̀hóòlù a máa fi ẹfun sílẹ̀ lára koríko, bí èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Ẹ da díẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ àpótí sí ìdí igi lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbọ́n gbogbo omi náà dànù, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ní Delhi, inú omi amúlétutù tí a kò dà ni ẹ̀fọn tí ń gbé àìsàn dengue kiri ti ń yé sí, àwọn wolé-wolé ibẹ̀ sì ń wọ ilé dé ilé láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí wọ́n bá ká ìdin ẹ̀fọn mọ́ lọ́wọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù kẹfà, ẹ tú koríko sílẹ̀, ẹ sá a, ẹ fi àpò bo àpótí, ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ. Páńẹ́lì kò ní í bá a sinmi: fìtílà àwọn ọmọ tí ń kàwé lálẹ́ ni yóò máa tàn títí oṣù kẹta mìíràn.